Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo Tàbí Lóṣooṣù

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun o. Ara yín ńkọ́? Orúnkún ńkọ́? Mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, Ìyá Wọ́ọ̀dù á ti fa àga wọn sún mọ́ tiyín, tórí náà ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń kí pọ̀. Ìyá Wọ́ọ̀dù, bàtà tí ẹ ní kí n máa wọ̀ níbi iṣẹ́, òun ni mo ń wọ̀. Ẹsẹ̀ ò wú mọ́. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nu ilẹ̀ ọsibítù, tó fi owó rẹ̀ tọ́ èmi ọmọ àbúrò rẹ̀ nígbà tí ìyá mi kú, ó yẹ kó mọ̀ nípa ẹsẹ̀.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò ti ba etí yín jẹ́ ni, orí fóònù ni ǹ bá ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bóyá ó tún dáa kí n kọ ọ́, kí èmi náà lè fi ojú rí ohun tí mò ń rò.

Ẹ mọ̀ pé ọdún kẹjọ mi rèé nílé iṣẹ́ búrẹ́dì. Ààrò kẹrin ni mo ṣì wà, èmi ni mò ń ṣọ́ iná rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, wọ́n pín ìwé fún gbogbo àwa tó ti pẹ́ níbẹ̀, ìwé nípa owó ìfẹ̀yìntì wa. Ojú ewé mọ́kànlá, kò sì sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó ṣe é gbé mì. Ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, Akẹ́rù la máa ń pè é. Ó gbé tirẹ̀ wá bá mi ní yàrá ìsinmi, ó ní, "Wò ó, ìwọ tí o máa ń kàwé, ṣé wọ́n fẹ́ lé mi ni àbí wọ́n fẹ́ dá mi lọ́lá?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo gba ìwé náà, mo kà á, mo fi kálámù ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn páálí búrẹ́dì kan fún un. Ó yé e. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, èèyàn méje ló ń dúró dè mí.

Ilé iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gba èèyàn nímọ̀ràn nípa owó. Obìnrin kan láti ibẹ̀ ni wọ́n rán wá láti ṣàlàyé ìwé náà fún wa. Ó bá mi lẹ́nu ẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí mo fi parí, ó wá ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi, bàbá mi tó jẹ́ atẹ̀wé ló máa ń mú mi wá àṣìṣe nínú ìwé kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Ìdánwò mẹ́rin ni, ọdún kan gbáko. Bí mo bá yege, mo di agbaninímọ̀ràn owó nìyẹn, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọ̀sán ni wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà. Mo ní láti fi ààrò sílẹ̀. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wọn ò ní san owó oṣù kankan fún mi, àfi kọmíṣọ̀n lórí ohun tí èèyàn bá rà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Bó ṣe ń wù mí ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ní títí di ìparí oṣù kejì láti dá wọn lóhùn. Bàbá, kí lẹ rí sí i?

Ọmọ yín,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Ìwé rẹ dé, ọpẹ́ ni. Orúnkún wà níbi tó wà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kìíní, mo rò pé wọ́n ti lé ọ níṣẹ́ ni, tí o wá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ojú ọgbẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé o ti bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó yé mi pé ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn ló wá dùn mí jù.

Ọmọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ búrẹ́dì. Bó bá jóná, a gbọ́ òórùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ẹnu ni ìmọ̀ràn, ẹnu sì dùn-ún ròfọ́. Bí ìyẹn bá jóná, ó lè tó ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbóòórùn.

Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Lọ́dún tí a bí ọ, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan wọ kóòtù wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan tí àwọn aráàlú ń fowó sí, kí ọdún tó yípo owó á bímọ. Wọ́n fẹ́ ká tẹ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n á máa fún àwọn tó bá fowó sílẹ̀. Èmi ni mo to lẹ́tà rẹ̀. Mo fi òdòdó yí etí rẹ̀ po, mo fi tádàwá aláwọ̀ ewé tẹ orúkọ wọn. Ó dára débi pé ọ̀gá mi gbé ẹyọ kan kọ́ ara ògiri. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta la tẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ọkùnrin náà ò sí mọ́, ilé iṣẹ́ wọn ò sí mọ́, ìwé tèmi nìkan ló kù lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Olùkọ́ kan mú tirẹ̀ wá bá mi. Kò bú mi. Ó na ìka sí àwọn òdòdó yẹn, ó ní, "Bó ṣe rẹwà ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí o máa fi ẹnu dídùn gbowó èèyàn.

Ọ̀rọ̀ kejì kò lè dúró. Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Wọ́ọ̀dù rẹ, ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọsibítù fún wọn ní fọ́ọ̀mù kan, ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n lè gba gbogbo owó ìfẹ̀yìntì wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tàbí kí wọ́n máa gbà á díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù títí ọjọ́ tí wọ́n bá kú. Ọjọ́ yẹn ló parí, kò kan ọmọ. Ọmọ wọn, Bọ̀dá rẹ jórinjórin, ní kí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kan, kí òun lè fi díẹ̀ níbẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tó ní òrùlé. Gbangba ìta ló ti ń jó irin láti ọjọ́ pípẹ́ wá, òòrùn ń ti òkè jẹ ojú rẹ̀, iná ń ti ìsàlẹ̀ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kọ̀wé sí ọmọ wa. Ohun tó bá sọ ni màá ṣe." Ìparí oṣù kẹta ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ padà. Má jẹ́ kó pẹ́.

Ara gbogbo wa le.

Èmi bàbá rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ara. Ìwé yín dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo béèrè ìmọ̀ràn, ẹ fi mí sọ́wọ́ gbájúẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí n tó di ọmọ yín lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Mò ń rò ó bí mo ṣe ń fa páànù jáde. Ká ní ẹnì kan jókòó tì í kó tó fowó sílẹ̀, kí onítọ̀hún bá a ka ohun tí wọ́n kọ wínníwínní sísàlẹ̀, kó bi í pé, "Báwo lowó ṣe ń bímọ, ta ni bàbá ọmọ?" ṣé á tún gbé ìwé kankan wá bá yín? Ẹni tó máa jókòó yẹn ni mo fẹ́ jẹ́. Mo ti sọ fún obìnrin náà pé mò ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ìyá Wọ́ọ̀dù, ó kan tiyín. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbà á lóṣooṣù, tó bá fi máa tó ọdún mẹ́sàn-án, ẹ ti gbà ju ohun tí wọ́n fẹ́ kó fún yín lẹ́ẹ̀kan lọ, gbogbo ohun tó bá sì wọlé lẹ́yìn ìyẹn, èrè ni. Ọgọ́ta ọdún lẹ wà yìí. Ìyá tó bí ẹ̀yin àti Bàbá lò ju àádọ́rùn-ún ọdún lọ láyé. Owó tó bá sì wọlé gbì lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ẹbí ni yóò jẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ san owó ilé á wá, ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù á wá, ẹ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Kì í ṣe pé mo kórìíra Bọ̀dá. Bí ẹ bá ń rí nǹkan gbà lóṣooṣù, ẹ lè máa ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Tórí náà, bí ara yín bá le, tí kò sí àìsàn kan tó ń bá yín fínra, oṣooṣù ni kí ẹ mú. Bàbá sì ti kọ ọ́ pé ara gbogbo yín le. Oṣooṣù ni mo fọwọ́ sí.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo máa gba ẹnikẹ́ni tọkàntọkàn nìyí.

Ọmọ ẹ̀yin méjèèjì,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Mo kí ọ. Èsì ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn, mi ò tíì rí i. Mo ṣì ń wá a.

Mo ka ìwé rẹ sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní kí n padà ka ibi tí o ti sọ̀rọ̀ ọdún mẹ́sàn-án. Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́sàn-án." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Lánàá a jọ lọ sí ọ́fíìsì ọsibítù. Akọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Màmá, ṣé ó dá yín lójú? Ẹ ò lè yí i padà mọ́ o." Wọ́n ní, "Ọmọ mi tó mọ̀ nípa owó ló ní bẹ́ẹ̀." Wọ́n tẹ ìka sí i.

Bọ̀dá rẹ gbọ́. Ó gbé ìbojú tó fi ń jó irin, ó jáde, kò kí ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ á rọ̀.

Àwọn méjì tí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ti ń bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn kọ̀wé sí ọ fún ìmọ̀ràn. Mo ní o ò tíì yege. Bí mo ṣe sọ ọ́, mo rí i pé mò ń fi ọ́ yangàn díẹ̀. Ìyẹn ò ní kí n fọwọ́ sí iṣẹ́ náà o.

Èmi bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ bá mi yọ̀. Mo yege nínú ìdánwò kìíní! Nígbà tí mo kúrò nílé iṣẹ́, àwọn ará ààrò ra ìbọ̀wọ́ tuntun fún mi, wọ́n ní kí owó má baà jó mi lọ́wọ́. A rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò jẹ́ kí ayọ̀ mi kún. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ sí yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ wa, gbogbo àga ibẹ̀ ló ń yí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ orúkọ ọgọ́rùn-ún èèyàn tó fọkàn tán an. Mo rò pé eré ni. Ó ní, "Ọgọ́rùn-ún èèyàn tí kò ní lè sọ fún yín pé rárá." Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo kọ mẹ́tàdínlógójì. Akẹ́rù ló wà lókè pátápátá, torí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù arákùnrin rẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá sì sọ ló ń gbà. Bí mo ṣe kọ orúkọ rẹ̀ tán, ojú tì mí. Mo ká bébà náà, mo fi sápò. Mi ò tíì fún wọn.

Owó oṣù àkọ́kọ́ Ìyá Wọ́ọ̀dù ńkọ́? Ó ti yẹ kó wọlé. Ẹ ní kí wọ́n ra nǹkan tó bá wù wọ́n, kí wọ́n má fi gbogbo rẹ̀ ṣe tẹlòmíì. Kí ni wọ́n rà? Ẹ tètè kọ̀wé.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Ìwọ,

Mi ò kí ọ. Ìyá mi kú lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin. A ti sin wọ́n.

Bàbá rẹ ní kí n má pè ọ́, pé òun fúnra òun ló máa kọ ọ́ fún ọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni mò ń bá wọn nídìí tábìlì pẹ̀lú bébà funfun níwájú, wọn ò kọ nǹkan kan. Èmi náà ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ, ìdí tí mi ò ṣe gbé fóònù nìyẹn.

Àìsàn ọkàn yẹn náà ló pa wọ́n. Láti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni dókítà ti sọ pé bóyá ni wọ́n fi lè lo ọdún kan. Gbogbo wa la mọ̀. Ìwọ náà mọ̀, ṣebí ìwọ ni bàbá rẹ ń kọ gbogbo nǹkan sí. O mọ̀, o jókòó síbi tí o wà, o ní kí wọ́n máa gbà á lóṣooṣù. Lóṣooṣù tí o ní kí wọ́n máa gbà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbà á. Mo lọ sí ọsibítù. Wọ́n fi ojú ewé kejì hàn mí, ó wà níbẹ̀ pé kò kan ọmọ.

Mi ò ní kí o san nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé èmi mọ̀ pé o mọ̀.

Jórinjórin


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ṣé kò sí wàhálà? Ìwé yín ti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ni mo rí gbà kẹ́yìn. Mo pe Bọ̀dá lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń dún ni, kò gbé e. Bóyá inú rẹ̀ ò tíì rọ̀. Mo ra bàtà kan fún Ìyá Wọ́ọ̀dù, èyí tó rọ̀ nísàlẹ̀ bíi tèmi. Ẹ bá mi wọn gígùn ẹsẹ̀ wọn, mo gbàgbé bóyá mọ́kàndínlógójì ni àbí ogójì.

Bí ẹ bá ń bínú sí mi nítorí iṣẹ́ yìí, ẹ kọ ìbínú náà wá. Èyí tí ẹ ò kọ ló ń pa mí.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Bàbá,

Ìwé Bọ̀dá dé lánàá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín.

Mo yọ gbogbo ìwé yín jáde, mo tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ara gbogbo wa le." Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Mo wo àwọn lẹ́tà náà bí ẹ ṣe kọ́ mi láti máa wo ìwé, bóyá màá rí ibi tí ọwọ́ yín ti gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Ó gún régé.

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ àbí ẹ ò mọ̀? Bí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yẹn? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ara wọn bá le. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn, kí ẹnì kan lè dá mi dúró. Ọdọọdún ni mò ń béèrè ara yín, ọdọọdún lẹ̀ ń dúpẹ́. Kí ni mo tún ń béèrè fún?

Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin, mo wà ní kíláàsì. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń fi ọjọ́ orí èèyàn ṣírò iye ọdún tó kù fún un. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe tèmi tán. Wọ́n yìn mí.

Mo ti sọ fún obìnrin yẹn pé mi ò ṣe mọ́. Mi ò lọ ṣe ìdánwò kejì. Mo padà sílé iṣẹ́ búrẹ́dì, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹlòmíì sídìí ààrò kẹrin, ibi tí wọ́n ti ń fọ páànù ni wọ́n fi mí sí. Omi gbígbóná ti bó mi lọ́wọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Mi ò tíì lè gbé bàtà yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo mọ̀. Mi ò ní fi òdòdó kankan yí i ká. Mo mọ̀.

Ní oṣù kẹwàá, ẹ̀gbọ́n mi ṣubú ní wọ́ọ̀dù lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò, láti ìgbà tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń bá a nu yàrá rẹ̀. Ó jókòó, ó di ọwọ́ wọn mú, ó ní ọkàn wọn ti rẹ̀, kò sóhun tí òun lè ṣe sí i mọ́. Bí a ṣe jáde, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé, "Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Bó bá gbọ́, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á wá jókòó tì mí. Kí ló fẹ́ wá máa wò?" Mo ṣèlérí fún wọn. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Àgbà ni wá, a ti kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ dáadáa ju bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń ka ìwé rẹ, nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ "bí ara yín bá le", mo dá kíkà dúró. Mo gbójú sókè. Wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, "Máa kà á lọ." Nígbà tí mo parí, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ò mọ̀ ni. Ká ní ó mọ̀, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà á lẹ́ẹ̀kan, ká ronú nípa ọmọ yín tó wà nínú òòrùn." Wọ́n wá ní, "Bí mo bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, mo ti gbà nìyẹn pé mò ń lọ. Gbogbo yín á wá yí mi ká, ẹ ó máa retí. Ẹni tó ń gba owó oṣù, ó ní oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ yẹn fún mi ní ọdún mẹ́sàn-án. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Mo fi í sílẹ̀ fún wọn. Èmi ni àbúrò.

Ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ wọlé, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, wọ́n ní àwọn á fi ẹsẹ̀ ara àwọn rìn lọ gbà á. Ó gbà wá ní wákàtí méjì, a ń sinmi lọ́nà. Nígbà tí a délé, wọ́n tẹ́ owó náà sórí tábìlì, wọ́n ní, "Ó ku ọdún mẹ́jọ àti oṣù mọ́kànlá." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Aṣọ ìbora ni wọ́n fi í rà, aláwọ̀ pupa, torí pé funfun ni wọ́n fi ń bo èèyàn ní wọ́ọ̀dù, ó ti sú wọn.

Mi ò sọ èyí kí o lè dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tó tu ẹni tó ń lọ nínú ti pa ẹni tó kù lára: Bọ̀dá rẹ ò ní ṣọ́ọ̀bù, òótọ́ sì ni pé owó yẹn ì bá fún un ní ọ̀kan. Mo ti sọ òótọ́ fún un, pé o ò mọ̀, pé èmi ni mo pa á mọ́. Ó gbọ́ mi parí, ó ní, "Ẹ̀yin àti ọmọ yín ti jọ fi ọgbọ́n yín rẹ́ mi jẹ." Kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́ láti ìgbà náà.

Ní ti iṣẹ́ rẹ. Mo kọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì tíì ní mo gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé nítorí ohun tí mo fi pamọ́ lo ṣe fi í sílẹ̀, ó di ohun méjì tí mo bà jẹ́ nìyẹn. Bí o bá fẹ́ fi í sílẹ̀, wá ìdí tìrẹ. Tèmi ò tó.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó pẹ́. Kì í ṣe pé mò ń fìyà jẹ yín. Mo kọ ìwé mẹ́rin, mo sì ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mi ò lè sọ pé inú mi ti rọ̀ tán. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń jí pẹ̀lú ìbínú sí yín lẹ́nu bí oògùn kíkorò. Ṣùgbọ́n aṣọ ìbora pupa yẹn, mo máa ń rò ó, ó sì ń dùn mọ́ mi pé wọ́n rà á. Mo ti kọ̀wé sí Bọ̀dá lẹ́ẹ̀mejì. Kò fèsì. Màá tún kọ.

Mo wá ìdí tèmi bí ẹ ṣe sọ, mi ò rí i. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ náà ṣì wù mí, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn gan-an sì dẹ́rù bà mí. Obìnrin yẹn wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ páànù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìṣirò rẹ péye. Kò sẹ́ni tó máa dá ọ lẹ́bi." Mo ní mo mọ̀ pé ó péye. Ó ní fọ́ọ̀mù àwọn ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè àìsàn, gbogbo èèyàn ló ń kọ "rárá" síbẹ̀, àwọn á gbà á bẹ́ẹ̀, àwọn á máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ní ipò mi ṣì ṣófo, kí n ṣáà mú orúkọ ọgọ́rùn-ún èèyàn yẹn wá. Mo ní mi ò ní orúkọ kankan fún un. Ó kí mi dáadáa, ó lọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú.

Nígbà náà ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa pè mí. Wọ́n fẹ́ ẹni tí á máa jókòó lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kó máa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wo ọ̀rọ̀ owó wọn. Owó oṣù kékeré ni, kò sí kọmíṣọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n á san owó ìdánwò mẹ́ta tó kù. Ọjọ́ mẹ́ta yòókù, màá máa fọ páànù. Mo gbà á. Mi ò béèrè lọ́wọ́ yín kí n tó gbà á, tórí náà, bó bá bàjẹ́, èmi ni kí ẹ bá wí.

Yàrá tí wọ́n fún mi, ibi tí wọ́n ń kó aṣọ iṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀ ni. Tábìlì kan, àga méjì, kò sí fèrèsé. Ní ọjọ́ Ajé, Akẹ́rù wọlé. Ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti tó àkókò, òun náà gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan: lẹ́ẹ̀kan ni, àbí lóṣooṣù. Ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Ìwọ sọ èyí tí kí n mú, kí n fọwọ́ sí i, kí n padà sídìí ọkọ̀ mi." Mo fi ọwọ́ bo ìwé náà. Mo ní, "Sọ nípa ilé rẹ fún mi ná." Ó ní kí ni ilé òun ní í ṣe pẹ̀lú ìwé? Mo ní mi ò tíì mọ̀. Ó bínú díẹ̀, ó ní nígbà tí mo wà ní yàrá ìsinmi, iṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi yanjú ti gbogbo èèyàn. Mo ní òótọ́ ni. Mi ò gbé kálámù.

Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dìde. Mo rò pé ó ń lọ ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é padà kí n kàn sọ ọ̀kan fún un. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í látinú, ó padà wá jókòó. Ó ní, "Ìyàwó mi gan-an ò tíì gbọ́ èyí."

Ó sọ̀rọ̀ títí aago ìsinmi fi lù, tí aago iṣẹ́ tún lù lé e. Ohun tó sọ, Bàbá, mi ò ní kọ ọ́ fún yín. Tirẹ̀ ni.

Ọmọ yín,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́